Jẹjẹrẹ próstéètì lára bàbá tó ti dàgbà: ìtọ́jú wo lẹ yàn, báwo ló sì ṣe rí?

Ọmọbìnrin, bàbá wọn jẹ́ ẹni ọdún 78

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará. Ọ̀pọ̀ wa ló ní bàbá tó ń bá àìsàn yìí yí. Mo fẹ́ sọ bó ṣe lọ nílé tiwa, kí ẹ̀yin náà lè sọ tiyín.

Ìtọ̀ ló kọ́kọ́ ń yọ Bàbá lẹ́nu. Wọ́n á dìde lóru léraléra, wọ́n á dúró títí, ìtọ̀ ọ̀hún á wá máa kán tó-tó-tó. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lo oògùn finasteride fún próstéètì tó wú, ìyẹn ẹ̀yà ara ọkùnrin tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Téèyàn bá ti lo oògùn yẹn tó nǹkan bí oṣù 6, ó máa ń mú kí PSA inú ẹ̀jẹ̀ (èròjà tí próstéètì ń tú jáde, tí wọ́n ń wọ̀n láti mọ̀ bóyá kí wọ́n fura sí jẹjẹrẹ) lọ sílẹ̀ tó bí ìdajì. 5 ló wà nínú ìwé èsì Bàbá. Dókítà tó mọ̀ nípa ọ̀nà ìtọ̀ wo àwọn oògùn tí wọ́n ń lò, ó ní, "Ẹ má kà á sí 5 o. Nǹkan bíi 10 ni."

PSA tó ga kì í ṣe jẹjẹrẹ dandan. Próstéètì tó kàn wú lásán lè gbé e sókè, bẹ́ẹ̀ náà ni àrùn ọ̀nà ìtọ̀ àti rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́kọ́ ya MRI kí wọ́n tó gé ẹran bíńtín níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Gleason, ìyẹn máàkì tó ń sọ bí jẹjẹrẹ ṣe le tó, 4+3 ló jáde. Nọ́ńbà tó ṣáájú dúró fún irú sẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí náà 4+3 le ju 3+4 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 7 ni méjèèjì. Wọ́n yẹ eegun wọn wò, kò tíì dé ibẹ̀, a dúpẹ́.

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí wọ́n yọ próstéètì náà kúrò, kí ọkàn gbogbo wa balẹ̀. Àbúrò wa ní ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà lọ́jọ́ orí yẹn, òun ò fọwọ́ sí iṣẹ́ abẹ. Bàbá kàn jókòó sáàárín wa, wọn ò fọhùn. Dókítà ló kọjú sí wọn: "Bàbá, nínú gbogbo ohun tí mo là sílẹ̀ yìí, èwo lẹ̀ ń bẹ̀rù jù?"

Wọ́n wojú mi, wọ́n wolẹ̀. Mo mọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn wọn kì í ṣe ohun tí bàbá ń sọ níṣojú ọmọ obìnrin, mo bá bọ́ síta. Nígbà tí mo wọlé padà, èyí tí wọ́n lè sọ létí mi ni pé, "Mi ò fẹ́ kí ìtọ̀ máa jò sí mi lára láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló tú gbogbo ẹ̀ ká. Iṣẹ́ abẹ lè fa kí ìtọ̀ máa jò, ó sì máa ń mú agbára ọkùnrin lọ, ara àgbà kì í sì í tètè bọ̀ sípò. Ìtànṣán náà ní wàhálà tiẹ̀: ìtọ̀ á máa gbọ̀n èèyàn, ìgbẹ́ lè máa yára, ó sì máa ń tán èèyàn lókun, àmọ́ ewu kí ìtọ̀ máa jò kéré nínú ẹ̀ ju ti iṣẹ́ abẹ lọ. Ìtànṣán pẹ̀lú abẹ́rẹ́ họ́mọ́ónù, èyí tó ń dá họ́mọ́ónù ọkùnrin dúró, ni Bàbá fẹnu ara wọn mú. Tẹ́lẹ̀, ìtànṣán máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 7 tàbí 8; ní báyìí, ìgbà 20 láàárín ọ̀sẹ̀ 4 ló wọ́pọ̀.

Ẹ̀rọ náà kì í dunni, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ìdúró tó ṣáájú ẹ̀ ni ìyà. Wọ́n máa ń ní kí wọ́n mu omi kí àpò ìtọ̀ kún, kó lè ti ìfun kúrò lójú ìtànṣán. Ẹ fojú inú wo àgbàlagbà tí ìtọ̀ ń gbọ̀n, tó di ọwọ́ àga mú pinpin, tí wọn ò tíì pè wọ́n. Ẹ bá àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sọ ọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí a sọ ọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wa bí ẹ̀rọ bá pẹ́, kí Bàbá má tíì bẹ̀rẹ̀ omi.

Abẹ́rẹ́ yẹn ló ṣe wọ́n jù. Ooru á ṣàdédé gba ara wọn, síńgílẹ́ẹ̀tì á rin gbingbin. Okun ẹsẹ̀ wọn dín kù, inú wọn á sì kàn bàjẹ́ láìnídìí. Ìyá wa rò pé wọ́n ń bínú sí àwọn ni. Ẹ tètè sọ fún ìyá yín pé abẹ́rẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọmọkùnrin, bàbá wọn jẹ́ ẹni ọdún 84

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Gleason 3+3 ni ti bàbá mi, a ò sì tọ́jú ẹ̀ rárá. Àwọn ẹbí ní a pa bàbá tì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oríṣi ìṣọ́ méjì ló wà. Nínú ọ̀kan, wọ́n á máa ṣe PSA, MRI àti àyẹ̀wò ẹran lóòrèkóòrè, kí wọ́n lè tètè wò ó sàn tó bá yí padà. Ìkejì, tó bá àgbà tí àìsàn míì pọ̀ lára ẹ̀ mu, ni pé tó bá ń ni wọ́n lára ni wọ́n máa tọ́jú ẹ̀. Ìkejì yìí ni tiwa.

Ìwádìí ProtecT ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi mí lọ́kàn balẹ̀. Wọ́n pín ọkùnrin 1,643 sí iṣẹ́ abẹ, ìtànṣán àti ìṣọ́. Èsì ọdún 15 tó jáde ní 2023 fi hàn pé nǹkan bí 97 nínú 100 ni jẹjẹrẹ náà kò pa, ọ̀nà yòówù kí wọ́n gbà. Òótọ́ ni pé tàwọn tí wọ́n ń ṣọ́ tàn ká ju tàwọn yòókù lọ, nǹkan bí 9 nínú 100 sí 5. Ẹni ọdún 50 sí 69 ni wọ́n, bàbá mi jù wọ́n lọ dáadáa, bàbá mi sì ní àìsàn ọkàn pẹ̀lú. Mi ò ní fi abẹ́rẹ́ dá wọn lágara nítorí ohun tí kò dí wọn lọ́wọ́.

Àkọ́bí, bàbá wọn jẹ́ ẹni ọdún 81

Tiwa ti wọ eegun ká tó mọ̀. Ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n, oògùn làkúrègbé ni wọ́n sì ń fún wọn níbi tí a kọ́kọ́ lọ.

Tó bá ti tàn dé eegun, gígé ẹ̀ kúrò kọ́ ni ọ̀rọ̀ mọ́. Testosterone, họ́mọ́ónù ọkùnrin tí kóró ẹpọ̀n ń ṣe, ló ń bọ́ ọ, òun ni wọ́n á dá dúró. Láti 1941 ni Charles Huggins ti fi èyí hàn, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí ẹ̀ ní 1966. Dókítà ní wọ́n lè yọ kóró ẹpọ̀n méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò ní sí abẹ́rẹ́ mọ́. Bàbá mi ní odidi ni wọ́n bí àwọn, odidi làwọn máa lọ. Kò sẹ́ni tó bá wọn jiyàn.

A bá mú abẹ́rẹ́. Ẹ bèèrè o: ọ̀pọ̀ nínú abẹ́rẹ́ yìí máa ń gbé testosterone sókè ná kó tó lulẹ̀, nítorí náà wọ́n máa ń fi bicalutamide, oògùn tó ń dí testosterone lọ́wọ́, ṣáájú, pàápàá tí ẹ̀yìn bá ti ń dunni. Wọ́n fi abiraterone, oògùn míì tó ń dá testosterone dúró, àti prednisolone kún un. Abiraterone lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó sì lè fa potassium sílẹ̀, a kì í fi àyẹ̀wò ẹ̀ ṣeré.

Ẹ̀yin tí ti bàbá yín ti dé eegun ẹ̀yìn, tí ẹsẹ̀ bá ń kú tìpìrì, tí kò lè gbé wọn mọ́, tàbí tí wọn ò lè tọ̀, ọsibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ má dúró di ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́.

Ọmọbìnrin àkọ́kọ́

Ẹni tó bi mí bóyá títí ayé ni abẹ́rẹ́ náà: rárá, tó bá jẹ́ pé ìtànṣán ló bá rìn. Fún irú ti Bàbá, oṣù 4 sí 6 ni. Èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lè gba ọdún kan àbọ̀ sí 3. Ẹ ní kí wọ́n yẹ líle eegun wọn wò kó tó pẹ́, torí ó máa ń sọ eegun di ẹlẹgẹ́, ìṣubú kan péré ti pọ̀ jù fún àgbà. Bàbá ti gba tiwọn tán. Ooru yẹn ṣì ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń sùn lóru.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kí Bàbá o. Mo sọ ọ̀rọ̀ odidi yẹn fún bàbá mi, wọ́n ní kí n kí ẹgbẹ́ àwọn.