Ibi tí a bá ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ wa dé

Ẹ kú àdúrótì. Mo béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ yín nítorí pé owó tí àwa tí à ń gbá gọ́ọ̀fù l'Ábújá ń dá jọ fún ilé-ìwé ọmọ àwọn kádì, ìyẹn àwọn tó máa ń ru àpò ọ̀pá gọ́ọ̀fù wa, wà nínú àkáǹtì ẹnì kan ṣoṣo. Ó ti yanjú.

Bàbá tí owó wà lọ́wọ́ wọn ò bínú rárá. Àwọn gan-an ló kó ìwé báǹkì wá sípàdé, wọ́n ti fi báírò pupa fàlà sábẹ́ gbogbo owó tó jáde. Ó wú mi lórí gan-an.

A ti forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀. Báǹkì tún béèrè ìwé SCUML, ẹ̀ka ìjọba tó ń gbógun ti fífọ owó àìmọ́, kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì lórúkọ ẹgbẹ́. Èèyàn méjì ni yóò máa fọwọ́ sí owó. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ẹgbẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé CAMA 2020, òfin tó de iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́, ní ká fi ìwé ọdọọdún ránṣẹ́ sí CAC láàárín June 30 sí December 31.

Tààrà ni owó yóò máa lọ sí ilé-ìwé báyìí. Inú àwọn òbí kan ò dùn sí i, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ọn, torí rìsíìtì la ó fi han àwọn tó ń dáwó.

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti pa ọ̀rọ̀ yìí dé.