Màámi bẹ̀rẹ̀ oògùn bíípì mẹ́ta-nínú-ọ̀kan, òòyì ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn

ỌmọÀlájà_Ìbàdàn:
Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Màámi ti pé 68, ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Tẹ́lẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni oògùn wọn, amlodipine, valsartan, àti èyí tó ń mú wọn tọ̀ yẹn. Níparí oṣù tó kọjá ni dókítà wá pa gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó kọ hóró kan ṣoṣo fún wọn tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ẹ̀, 5/160/12.5 ni wọ́n kọ sára páálí ẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n mílígíráàmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Inú wa dùn gan-an torí kí wọ́n máa ka oògùn láràárọ̀ ti sú wọn. Àmọ́ láti bí ọjọ́ márùn-ún báyìí, tí wọ́n bá ti dìde lórí ẹní lẹ́yìn àsùbáà, òòyì á kọ́ wọn, wọ́n á di ògiri mú. Àná ló wá burú, díẹ̀ ló kù kí wọ́n ṣubú ní bàlùwẹ̀. Mo fi máṣìn wọn bíípì wọn, 98/60, mo ní bóyá máṣìn ló ń purọ́, mo tún un wọ̀n, 102/62. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Ékòó ní kí wọ́n dá oògùn náà dúró pátápátá, pé oògùn mẹ́ta ò ṣeé kì sínú hóró kan, pé agbára ẹ̀ ti pọ̀ jù fún arúgbó. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ààwẹ̀ náà sì ń bọ̀ lọ́nà, ẹ mọ̀ pé Àlájà ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni ní kí àwọn má gbààwẹ̀.

Apòògùn_Kékeré:
Ẹ kú ìtọ́jú màámi. Iṣẹ́ oògùn òyìnbó ni mò ń ṣe. Ká tó sọ nǹkan míì, 98/60 pẹ̀lú òòyì fún ẹni 68 kì í ṣe ohun téèyàn ń fi dọ̀la o, ẹ pe dókítà tó kọ oògùn náà lónìí, kẹ́ ẹ bi í kí wọ́n tó mu ti ọ̀la. Tí wọ́n bá dákú, tàbí àyà ń dùn wọ́n, tàbí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu wọn, tàbí ètè àti ahọ́n wọn wú, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ tààrà, ẹ má dúró fèsì wa níbí.

Ìbéèrè mi wá rèé: níbo làwọn oògùn àtijọ́ yẹn wà? Ẹ má bi wọ́n pé ṣé wọ́n ṣì ń mu ún, wọ́n á ní rárá. Ẹ lọ wo inú agolo, inú báàgì, abẹ́ pílò. Mo ti rí i ju ìgbà mélòó kan lọ, dókítà á sọ oògùn di ẹyọ kan, aláìsàn á gbà pé wọ́n fi oògùn tuntun kún ti tẹ́lẹ̀ ni, á wá máa mu amlodipine méjì, valsartan méjì láìmọ̀, torí orúkọ tí wọ́n kọ gàdàgbà sójú páálí tuntun yàtọ̀, orúkọ oògùn gan-an wà nísàlẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní.

Ti pé oògùn mẹ́ta ò ṣeé kì sínú hóró kan, ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n wa pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí kálukú ń gbà ṣiṣẹ́ yàtọ̀. Amlodipine ń dẹ ojú iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, valsartan ń dí ohun tó ń pàṣẹ fún iṣan pé kó fún pọ̀, hydrochlorothiazide ń mú kí wọ́n tọ iyọ̀ àti omi tó pọ̀ jù dànù. Díẹ̀díẹ̀ mẹ́ta sábà máa ń ṣiṣẹ́ ju kéèyàn máa gbé agbára oògùn kan ṣoṣo ga lọ. Ní 2021, àjọ WHO gan-an sọ pé tó bá ti jọ pé oògùn kan ò ní tó, ó dáa kí wọ́n pa á pọ̀ sínú hóró kan, torí aláìsàn kì í tètè gbàgbé ẹ̀.

BàbáÌbejì:
Òótọ́ lapòògùn sọ. Méjì-nínú-ọ̀kan lèmi náà ń lò, amlodipine àti losartan, ó ti lé lọ́dún mẹ́rin. Ní tèmi ẹsẹ̀ ni. Tó bá dọwọ́ ìrọ̀lẹ́ kókósẹ̀ mi á wú, tí mo bá fìka tẹ̀ ẹ́ ojú ìka á wà níbẹ̀ bí ẹni tẹ ojú ẹ̀bà. Mo ti ń ro ti kíndìnrín, kí n má purọ́ mo ti ń ro ti ayé pàápàá 😂 àfìgbà tí dókítà ní iṣẹ́ ọwọ́ amlodipine ni, wọ́n dín in láti 10 sí 5, wíwú yẹn sì lọ.

Ohun tó fẹ́ẹ̀ pa mí lódodo, ẹ̀yìn ló ń dùn mí, mo yà ní kẹ́míìsì kan, wọ́n po oògùn ara ríro fún mi, mo ń gbé e mì láàárọ̀ lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Diclofenac wà nínú ẹ̀. Nígbà tí mo máa dé ọ̀dọ̀ dókítà bíípì mi ti di 168/104, oògùn bíípì mi mo sì ń lò ó déédéé o! Wọ́n ní diclofenac àti ibuprofen máa ń mú kí ara dá iyọ̀ àti omi dúró, ohun tí oògùn bíípì ń lé jáde nìyẹn ń kó padà wọlé. Ó tún wá burú fún ẹni tó ń lo irú ti màámi yìí, valsartan àti oògùn ìtọ̀ pọ̀, kíndìnrín ló máa jẹ ẹ́. Paracetamol ni wọ́n ní kí n máa lò. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń lò fún orúnkún, kò sí màmá ẹni 68 tí orúnkún ò dùn.

Ìyá_Eléwé:
Ẹ̀yin ọmọ yìí, kẹ́míkà ti pọ̀ jù lára ìyá yẹn. Ẹ bá wọn se sobo tí ò ní ṣúgà, kí wọ́n máa fi àgbo ti ìdí ẹ̀.

Apòògùn_Kékeré:
Ìyá wa, ẹ má bínú, mi ò bá ewé jà. Sobo máa ń fa bíípì wálẹ̀ lóòótọ́, ìdí ẹ̀ gan-an tí mi ò fi fẹ́ ẹ fún ẹni tí bíípì ẹ̀ wà ní 98 nìyẹn. Àgbo ní tiẹ̀, a ò mọ ohun tó wà nínú ìgò ẹ̀, a ò mọ ìwọ̀n ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Manchester:
Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Ẹ wọn bíípì wọn báyìí: kí wọ́n tọ̀ tán, kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, kí wọ́n wá dìde, kẹ́ ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan àti lẹ́yìn mẹ́ta. Tí nọ́ńbà òkè bá já wálẹ̀ tó 20 nígbà tí wọ́n dìde, ẹ sọ fún dókítà. Tó bá dàárọ̀ kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì ná. Àárọ̀ ni kí wọ́n máa lo oògùn náà, torí èyí tó ń mú tọ̀ yẹn, lóru ni wọ́n á máa sáré lọ sí tọ́lẹ́ẹ̀tì, òkùnkùn lèèyàn sì máa ń ṣubú. Tí wọ́n bá gbàgbé tòní títí dọ̀la, wọn ò gbọdọ̀ mu méjì pọ̀ láti fi dí i.

Bí wọ́n bá ń bì tàbí ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, ó lè ní kí wọ́n sinmi oògùn náà díẹ̀ torí omi ti tán lára. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ ṣe rí, ẹ ti bá dókítà sọ ọ́ ṣáájú, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá rí oṣù. Kò sì yẹ kí wọ́n fi iyọ̀ tí wọ́n ń pè ní iyọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ríru yẹn sí ọbẹ̀ láìbéèrè, potassium ló kún inú ẹ̀, valsartan náà sì ń dá potassium dúró, ó lè wá pọ̀ jù lára wọn. Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ ṣì ń bímọ, tẹ́ ẹ bá ń lo valsartan tàbí losartan tàbí lisinopril tẹ́ ẹ wá lóyún, ẹ sáré rí dókítà, ó ń ṣe ọmọ inú ní jàǹbá.

ỌmọÀlájà_Ìbàdàn:
Ẹ̀yin ará, ẹ ṣé o!! Apòògùn, ó dà bíi pé ẹ gbé ilé wa. Mo tú inú agolo mílíìkì tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àti òwú sí, káàdì valsartan àti ti amlodipine ló wà níbẹ̀, wọ́n ti bẹ́ ẹ títí dé ìdajì. Mo ní Màámi kí lèyí, wọ́n ní ṣé kí àwọn da oògùn olówó ńlá nù ni, pé tí àwọn bá ti lò ó tán àwọn á máa lo tuntun nìkan. Lójú wọn, ìṣúnwó ni.

Dókítà ní kí wọ́n pa àtijọ́ tì pátápátá, kí wọ́n fo tuntun náà fún ọjọ́ kan, ó ní ká wá yẹ kíndìnrín àti potassium wọn wò nínú ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ kẹrin rèé, 126/78 láàárọ̀ yìí, wọn ò sì di ògiri mú. Orí ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ la ṣì wà, dókítà ní kí àwọn rí èsì ẹ̀jẹ̀ ná.

Apòògùn, Àlájà ní kí n bá àwọn bi yín, ṣé kẹ́míìsì lè gba èyí tó kù nínú agolo kó dá owó àwọn padà.

Apòògùn_Kékeré:
😂😂 Ẹ bá mi kí wọn. Wọn ò lè gbà á, mà.