Ọ̀rọ̀ kan tó há mi lọ́fun nínú Àdúrà Olúwa

Lẹ́yìn tí bàbá mi papò dà, ó tó oṣù méje tí mi ò lè ka Àdúrà Olúwa já. "Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run." Ibẹ̀ gan-an ni ohùn mi ti ń dí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Peter ní Aké, ní Abẹ́òkúta, ibi tí bàbá mi máa ń jókòó sí ni mo ń jókòó. Àwọn èèyàn á máa bá àdúrà lọ, èmi á kàn máa wo ẹ̀yìn ọrùn ẹni tó wà níwájú mi. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó ń tì mí lójú.

Mùsùlùmí ni ìyá mi. Kò yí padà nígbà tó fẹ́ bàbá mi, bàbá mi náà ò sì ní kó yí padà. Aláró ni ìyá mi, ní Kẹ́mta, iṣẹ́ tó bá lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Kẹ́míkà ni ọ̀pọ̀ ń lò báyìí torí pé ó yá, òun náà ń lò ó, ṣùgbọ́n kò tíì pa ìkòkò èlú rẹ̀ tì: ewé èlú àti omi eérú tí a sẹ́, ó di ọjọ́ mélòó kan kí aró náà tó ṣeé lò. Bó bá ṣí ìdérí, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo àgbàlá.

Ní Sátidé kan, mo mú ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, lọ kí i. Àdìrẹ oníko, èyí tí a ń fi ìko di kí a tó rẹ ẹ́, ló ń ṣe. Ó ní "Bísímílláì", ó ti aṣọ bọ ìkòkò, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó fà á jáde.

"Ìyá Àgbà, kò mú o! Ó dà bí ewé!"

Lóòótọ́, àwọ̀ ewé ni. Ìyá mi ò fèsì. Ó sá a sórí okùn, ó nu ọwọ́. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ń wá láti ìhà Olúmọ. Etí aṣọ ló kọ́kọ́ ṣú, lẹ́yìn náà ni àárín, bí ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ fi di aró. Ọmọ mi fọwọ́ bo ẹnu.

"Ta ló kùn ún?"

"Èmi kọ́ o. Iṣẹ́ tèmi ti tán nígbà tí mo fà á jáde. Atẹ́gùn Ọlọ́run ló ń ṣe ìyókù."

Ló bá fi kún un, láìwo ojú mi: "Bàbá ẹ máa ń wá jókòó síbí yìí wò ó. Títí tó fi lọ, kò sú u."

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló tún aṣọ náà rẹ kó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tó gbẹ, èmi àti ọmọ mi jókòó sílẹ̀, a ń tú ìko. Ibi tí ìko ti há a mọ́ jù, ibẹ̀ ló funfun jù.

Lọ́jọ́ kejì, aró ṣì wà ní ìdí èékánná mi nígbà tí a kúnlẹ̀ ní Aké. Ọmọ mi ń fi ohùn rara gbàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ń bá a kà á. A ti dé "fún wa ní oúnjẹ òòjọ́ wa lónìí" kí n tó mọ̀ pé mo ti pe Baba.