Pupa ń ràn wọ yẹ́lò lórí kúkì mi

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kúkì ṣe. Maryland ní Amẹ́ríkà ni mo wà, ìgbà ìwọ́wé ti dé, mo sì fẹ́ ṣe kúkì tó rí bí ewé maple fún kíláàsì ọmọ mi. Royal icing, ìyẹn ṣúgà lílọ̀ tí wọ́n pò mọ́ funfun ẹyin láti fi ṣe kúkì lọ́ṣọ̀ọ́, ló ń dà mí láàmú. Bí mo bá fi pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹ́lò lálẹ́, kílẹ̀ tó mọ́, pupa á ti ràn wọ yẹ́lò. Mo ti dín àwọ̀ gel kù, mo jẹ́ kí icing náà ki sí i, mo tún tan fáànù sí i. Pàbó ni. Òjò ń rọ̀ níbí lọ́sẹ̀ yìí, bóyá ọ̀rinrin ló fà á.

Ẹ jọ̀ọ́, wákàtí mélòó ló yẹ kí yẹ́lò fi gbẹ kí n tó fi pupa kàn án? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Ẹ ṣeun gan-an ni o.