Owó orí ilẹ̀ oko ní Texas: koríko ni àbí oyin?

Ẹ kú déédé ìwòyí o. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ ra ilẹ̀ éékà 12 nítòsí Houston. Láti ìgbà tí àwọn ará Texas ti dìbò fún un ní 1978, ohun tí oko ń mú wọlé ni wọ́n lè fi ṣírò owó orí rẹ̀, kì í ṣe iye tí ilẹ̀ ń tà lọ́jà. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ ilẹ̀ náà di nǹkan mìíràn tí kì í ṣe oko, wọ́n á gba ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó orí méjèèjì fún ọdún 3 sẹ́yìn. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Àgbẹ̀ tó ń gé koríko níbẹ̀ gbà láti dúró. Sísin oyin ni ọkọ mi fẹ́ kí á fi ilẹ̀ náà ṣe. Òfin ka sísin oyin sí iṣẹ́ oko lórí ilẹ̀ éékà 5 sí 20.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, èwo ni ká mú? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ gùn. Ẹ ṣé púpọ̀.