Láti Puno sí Tiwanaku, àlọ àtàbọ̀ lọ́jọ́ kan: ǹjẹ́ àkókò yóò tó?

Ìbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Puno ní Pẹrú, létí adágún Titicaca, ni mo máa dé sí, mo sì fẹ́ bá afinimọ̀nà kan kọjá sí Bòlífíà láàárọ̀ láti wo àwókù ìlú àtijọ́ Tiwanaku, kí n sì padà nírọ̀lẹ́. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Èsì kìíní:
Ó ṣeé ṣe, bí ẹ bá tètè jí. Ibodè Desaguadero ni ẹ ó gbà, níbi tí ẹ ó ti gba òǹtẹ̀ ìjáde Pẹrú, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn kọjá lórí afárá, kí ẹ tó gba òǹtẹ̀ ìwọlé Bòlífíà. Aago Bòlífíà fi wákàtí kan ṣáájú ti Pẹrú, nítorí náà ẹ bi afinimọ̀nà yín léèrè èwo ni òun ń kà.

Èsì kejì:
Ẹnu Ọ̀nà Oòrùn, tí wọ́n gbẹ́ láti ara òkúta kan ṣoṣo, ni gbogbo ènìyàn ń sáré lọ yà ní fọ́tò. Ní tèmi, Puma Punku, apá mìíràn nínú àwókù náà, ló yẹ kí ẹ pẹ́ sí jù, nítorí igun àwọn òkúta ibẹ̀ gún régé bí ẹni pé àná ni wọ́n gé wọn. Ẹ rọra rìn o, ibẹ̀ ga ju mítà 3,800 lọ, èémí kì í pẹ́ kúrú.

Èsì kẹta:
Bí ó bá jẹ́ ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni ẹ ń lò, ẹ kọ́kọ́ wádìí físà Bòlífíà, kí ẹ sì rí i dájú pé ti Pẹrú gbà yín láàyè láti tún wọlé.