Iná pupa fún inú rírun nǹkan oṣù: kí ẹ̀jẹ̀ tó dé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ra bẹ́líìtì iná pupa, ìyẹn bẹ́líìtì tí gílóòbù kéékèèké wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń dè mọ́ ikùn nítorí inú rírun nǹkan oṣù, ló ń lò ó bí ẹni ń lo oògùn ẹ̀fọ́rí. Ó di ìgbà tí inú bá ti ń lọ́, tí ìbàdí ti ń já, kí wọ́n tó wá a jáde nínú páálí. Ooru tó ń jáde lára bẹ́líìtì náà lè tuni lára díẹ̀ nígbà yẹn, àmọ́ iná fúnra rẹ̀ ti pẹ́ dé. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn.

Ẹ wo bí ìrora náà ṣe ń wáyé. Bí nǹkan oṣù bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, awọ inú ilé ọmọ máa ń tú èròjà kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ prostaglandin. Òun ló ń mú kí ilé ọmọ máa fún ara rẹ̀ pọ̀ bí aṣọ tí wọ́n ń fún omi rẹ̀ dànù. Bó bá fún un le jù, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹran rẹ̀ á há, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè kọjá, ìrora á dé. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó dé díẹ̀ tàbí lọ́jọ́ tó dé gan-an, á sì rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ 1 sí 3. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Kòríà, tó jáde ní 2012, ìṣẹ́jú 20 lójúmọ́ ni wọ́n fi tan iná sí ìsàlẹ̀ ìdodo, fún ọjọ́ 5 ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n ń retí nǹkan oṣù. Ìrora àwọn tó lo iná gidi dínkù ju ti àwọn tí wọ́n fún ní ẹ̀rọ tí kò yọ iná lọ. Ìwádìí kékeré ni o, àwọn obìnrin inú rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ètò ọjọ́ 5 yẹn ni ó yẹ ká mú níbẹ̀.

*

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò gbe ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn lẹ́sẹ̀, torí ibẹ̀ ló ti ń dàrú mọ́ àwọn àbúrò wa lójú, pàápàá àwọn tí nǹkan oṣù wọn kì í dé lọ́jọ́ kan náà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀ ni ọjọ́ 1. Ẹ wo oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, kí ẹ ka iye ọjọ́ láti ọjọ́ 1 kan dé ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ 1 tó tẹ̀lé e, kí ẹ mú èyí tó kúrú jù nínú wọn, kí ẹ yọ 4 kúrò nínú rẹ̀. Bí èyí tó kúrú jù bá jẹ́ ọjọ́ 28, ọjọ́ 24 lẹ ó bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ 26, ọjọ́ 22 ni. Ẹni tí tirẹ̀ ń sáré láàárín 26 sí 31, ọjọ́ 22 náà ni kó bẹ̀rẹ̀, kó sì máa tàn án lọ títí ẹ̀jẹ̀ á fi dé. Ó lè di ọjọ́ 10 nígbà mìíràn, kò burú. Èyí tó burú ni kéèyàn tan án lónìí, kó fo ọ̀la, kó wá tan án fún wákàtí kan lọ́tùnla láti fi dí i. Ti iná yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá kéré jù, kò ní ràn. Bó bá pọ̀ jù, àǹfààní tó yẹ kó ṣe á tún máa dínkù.

*

Èèyàn ò lè mọ ohun tó kéré tàbí ohun tó pọ̀ láìwo agbára ẹ̀rọ ọwọ́ ẹni. Ohun méjì ni ẹ ó wá lára páálí. Àkọ́kọ́ ni nm, ìyẹn ìwọ̀n gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀: 630 sí 660 ni pupa tí ojú ń rí, 810 sí 850 ni infrared tí ojú kò rí. Bí wọ́n bá kọ “red light” lásán tí wọn ò kọ nọ́ńbà kankan, ẹ dá a padà. Gílóòbù pupa tí wọ́n fi ń mú yàrá gbóná kì í ṣe ẹ̀rọ yìí, ooru ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tirẹ̀.

Èkejì ni mW/cm², ìyẹn agbára iná tó ń dé ara. Ẹ fi ìyẹn lọ́po iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ máa lò, kí ẹ sì fi 1000 pín in, ẹ ó rí iye joule (ìwọ̀n agbára iná) tó wọ sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó lára awọ. Bẹ́líìtì tó ń yọ 20, fún ìṣẹ́jú 20: 20 × 1200 ÷ 1000, ó di 24. Èyí tó ń yọ 50 ńkọ́? Ìṣẹ́jú 8 péré ló máa fi dé 24 kan náà. Ẹni tó gbé èyí tó ń yọ 50 kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 nítorí pé ìṣẹ́jú 20 lẹnìkan ń lò, ó ti gba 60. Ẹ má sì gba nọ́ńbà àwọn olùtajà gbọ́ pátápátá. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn agbára oòrùn ni àwọn kan lára wọn fi ń wọ̀n ọ́n, ó sì máa ń kà á ju bó ṣe rí lọ.

Ọ̀pọ̀ bẹ́líìtì ló jẹ́ pé ìdajì iná inú rẹ̀ kì í tàn lójú. Àwọn èèyàn á ní ó ti kú, wọ́n á dá a padà fún olówó rẹ̀. Infrared ni! Ẹ pa iná yàrá, ẹ ṣí kámẹ́rà iwájú fóònù, kí ẹ fi wò ó. Àwọn gílóòbù tó dúdú lójú á tàn bí ẹni pé wọ́n funfun, wọ́n á sì ní àwọ̀ àlùkò díẹ̀. Kí ẹ tó dá ẹ̀bi fún bẹ́líìtì, ẹ kọ́kọ́ fi rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n dán kámẹ́rà yẹn wò: ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, kí ẹ wo orí rẹ̀. Bí kámẹ́rà bá rí iná rìmóòtù, tí kò sì rí ti bẹ́líìtì, a jẹ́ pé ìfura yín tọ́.

Ti iná mànàmáná náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ bẹ́líìtì ń fẹ́ 5V àti 2A. Ṣájà fóònù àtijọ́ tó jẹ́ 1A á tan án lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè ṣe bàìbàì, ìṣirò yín á sì ti bàjẹ́. Power bank mìíràn máa ń pa ara rẹ̀ bí ohun tí wọ́n so mọ́ ọn kò bá fa iná tó. Bí bẹ́líìtì bá ń kú ní ìṣẹ́jú díẹ̀ síra, power bank ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Èyí tó bá jẹ́ 12V, ṣájà tirẹ̀ nìkan ni kí ẹ lò fún un.

*

Ibi tí a ń dè é sí ńkọ́? Ìka mẹ́rin sísàlẹ̀ ìdodo, láàárín gbùngbùn, kó má bọ́ sórí egungun iwájú. Ara gbọ́dọ̀ wà ní ìhòhò níbẹ̀. Aṣọ inú, bó ti wù kó fẹ́lẹ́ tó, ń gba lára iná. Ẹ fi omi nu ibẹ̀, kí ẹ nù ún gbẹ. Kò sí ìpara, kò sí róòbù. Róòbù tí wọ́n fi pa ara kí wọ́n tó de bẹ́líìtì mọ́ ọn, òun ló ń sọ ooru wẹ́rẹ́ di iná tó ń ta ara. Bí bẹ́líìtì bá gùn tó, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kejì bo ìbàdí lẹ́yìn, lókè egungun ìdí, torí ibẹ̀ ni ìrora ọ̀pọ̀ ń gbà yọ.

Àwọ̀ ara tún wà níbẹ̀. Awọ dúdú máa ń gba ìmọ́lẹ̀ pupa mọ́ra ju awọ tó mọ́lẹ̀ lọ, òkè awọ níbẹ̀ ló sì ti ń di ooru. Àwòrán tí wọ́n fín sára náà rí bẹ́ẹ̀, ó tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá dúdú, ìdajì àkókò ni kó fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́. Kó wo awọ náà lẹ́yìn tó bá tú u: bó bá pọ́n díẹ̀ tàbí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó sì rọlẹ̀ láàárín wákàtí kan, kò sí wàhálà. Bó bá ń ta á, tàbí tí àpẹẹrẹ gílóòbù hàn lára rẹ̀ tí kò lọ, kó dín àkókò kù.

*

Mi ò ní bá yín jiyàn lórí ìṣirò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká má purọ́ fún ara wa. Iná pupa kì í wọlé ju mílímítà díẹ̀ lọ. Infrared ń wọlé díẹ̀ sí i, àmọ́ awọ, ọ̀rá, ẹran ikùn, àti àpò ìtọ̀ ló wà láàárín òun àti ilé ọmọ. Díẹ̀ kíún ló lè dé ibẹ̀, bó bá tilẹ̀ dé. Bó bá ń ṣiṣẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ara iṣan àti ẹ̀jẹ̀ tó wà nítòsí awọ ló ti ń ṣe é, kì í ṣe pé ó lọ bá ilé ọmọ sọ̀rọ̀. Ìtàn iná yìí kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú inú rírun: ní 1967, dókítà kan, Endre Mester, ní ìlú Budapest tan laser sára eku tí ó fá, ó rí i pé irun tètè hù níbẹ̀.

Ooru ló ní ẹ̀rí tó lágbára ju ti iná yìí lọ. Ìwádìí kan ní 2001 fi ohun ìlẹ̀mọ́ra tó gbóná tó 39°C, wákàtí 12 lójúmọ́, wé ibuprofen 400 mg lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ìrọ̀rùn tí wọ́n rí sì súnmọ́ra. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá dé, ẹ tú bẹ́líìtì, kí ẹ gbé rọ́bà omi gbígbóná tí ẹ fi aṣọ wé. Ẹni tó bá ń lo ibuprofen, kó jẹun, kó lo 400 mg gbàrà tí ìrora bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó fi wákàtí 6 sí 8 sáàárín, kó má kọjá 1200 mg lójúmọ́ láìjẹ́ pé dókítà ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín, tàbí ikọ́ fée tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń ru sókè, kó yàgò fún un.

*

Ta ni kò gbọ́dọ̀ dè é mọ́ ikùn? Ẹni tó lóyún tàbí tó ń fura pé òun lóyún. Ẹni tó ń lo oògùn tó ń mú kí ara kórìíra ìmọ́lẹ̀, doxycycline àti isotretinoin wà lára wọn. Ẹni tó ní jẹjẹrẹ, tàbí kókó nínú ikùn tí wọn ò tíì yẹ̀ wò. A kì í sì í ki ẹ̀rọ kankan bọ ojú ara, ẹnì yòówù kó ní ó dára.

Ìrora kan wà tó yẹ kó kúrò lọ́wọ́ bẹ́líìtì pátápátá: èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí èèyàn ti kọjá ọmọ ọdún 25 tí kì í sì í rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tó ń le sí i lóṣooṣù, èyí tó ń wá nígbà ìbálòpọ̀ tàbí láàárín oṣù. Endometriosis (awọ bíi ti inú ilé ọmọ tó hù síta rẹ̀) tàbí fibroid (kókó inú ilé ọmọ) lè wà nídìí rẹ̀. Bí páàdì kan bá ń kún láàárín wákàtí kan, tàbí ibà àti omi ojú ara tó ń rùn bá dé pẹ̀lú rẹ̀, ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ yẹn. Nǹkan oṣù tó pẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wá dé pẹ̀lú ìrora lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ilé ìwòsàn kíákíá ni, ó lè jẹ́ oyún tó jókòó síta ilé ọmọ.

*

Àwọn kan ń béèrè bóyá wọ́n lè sùn pẹ̀lú rẹ̀. Rárá o. Bẹ́líìtì tí ara bá tẹ̀ lórí ibùsùn kò ní ráyè tú ooru rẹ̀ ká, ẹni tó sùn ò sì ní mọ̀ títí á fi jó o. Ẹ lo èyí tó ń pa ara rẹ̀, tàbí kí ẹ fi fóònù dá aago.

Ẹ má ká a bí aṣọ, wáyà inú rẹ̀ á já níbi tó ti ṣẹ́. Ẹ yí i roboto. Lẹ́yìn lílò, ẹ yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iná, kí ẹ fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nu òógùn kúrò lójú gílóòbù. Òógùn tó gbẹ síbẹ̀ máa ń dí iná. Kí ẹ sì ní ìwé kékeré kan: ìrora láti 0 dé 10 lójoojúmọ́, àti iye ìgbà tí ẹ lo oògùn. Oṣù mẹ́ta tó láti mọ̀. Bí iye oògùn bá dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ gbé bẹ́líìtì jù sílẹ̀, kí ẹ mú ìwé náà lọ fún dókítà.